Iṣẹ́ òòjọ́ àwọn pírógírámà

Pírógírámà ni ẹni tó ń fi kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ jẹun. Ètò tí wọ́n ń kọ ló ń darí áàpù orí fóònù, ẹ̀rọ POS, ìkànnì báńkì àti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn. Ẹni tí kò sí nídìí iṣẹ́ náà lè rò pé títẹ kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí wọ́n fi ń kọ ètò, láti àárọ̀ dalẹ́ ni. Lẹ́nu iṣẹ́, kíka kóòdù tí ẹlòmíràn kọ, wíwá àṣìṣe àti bíbá ẹlẹgbẹ́ jíròrò sábà máa ń gba àkókò ju kíkọ kóòdù tuntun lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́

Láàárọ̀, pírógírámà á kọ́kọ́ fa àyípadà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe wá sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Git ni irinṣẹ́ tó gbajúmọ̀ jù fún èyí. Linus Torvalds, tó dá Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sílẹ̀, ló ṣe é ní oṣù Kẹrin ọdún 2005, nígbà tí àwọn tó ń kọ Linux kò rí BitKeeper, irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, lò lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Git ń tọ́jú gbogbo àyípadà: ẹni tó ṣe é, ìgbà tó ṣe é, àti àlàyé ṣókí tó kọ sí i. Ẹni tó bá bá ìlà kan tó rú u lójú pàdé lè wo ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́, kódà bí ẹni tó kọ ọ́ bá ti fi ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Àlàyé tí kò ju “mo tún un ṣe” lọ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, ó sì wọ́pọ̀ gan-an.

Ìpàdé àárọ̀ ló sábà máa ń tẹ̀ lé e. Nínú Scrum, ìlànà kan fún ṣíṣètò iṣẹ́ ẹgbẹ́, ìpàdé náà kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Kálukú á sọ ibi tó bá iṣẹ́ dé àti ohun tó dí i lọ́wọ́.

Wíwá àṣìṣe

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le jù nìyí, tó sì dùn jù lójú ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é. Oníbàárà á ní “kò ṣiṣẹ́”, ṣùgbọ́n ìyẹn ò tó. Irú fóònù wo ló ń lò? Kí ló tẹ̀ kẹ́yìn? Pírógírámà gbọ́dọ̀ mú kí àṣìṣe náà ṣẹlẹ̀ lójú òun fúnra rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan kóòdù. Lẹ́yìn náà ni á máa dín ibi tó lè sá pamọ́ sí kù. Àṣẹ kan wà nínú Git, git bisect, tó ń pín ìtàn kóòdù sí méjì léraléra: bí àyípadà 1,000 bá wà láàárín ìgbà tí nǹkan dára àti ìgbà tó bàjẹ́, àyẹ̀wò bíi 10 ti tó láti mú èyí tó fa wàhálà.

Lẹ́tà ọ́ jẹ́ àpẹẹrẹ tó kan àwa tí à ń kọ Yorùbá. Kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá wọn mọ̀. Kọ̀ǹpútà lè tọ́jú rẹ̀ bí ọ tí wọ́n fi àmì ohùn lé lórí, tàbí bí ó tí wọ́n fi àmì abẹ́ sí, tàbí bí o lásán tí àmì méjèèjì tẹ̀ lé. Ojú ènìyàn kò lè rí ìyàtọ̀ wọn. Kọ̀ǹpútà ò gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí Bọ́lá bá fi fóònù forúkọ sílẹ̀, tí òṣìṣẹ́ kan sì fi láptọ́ọ̀pù wá orúkọ náà, ètò lè dáhùn pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí gbogbo orúkọ di oríṣi kan kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀ àti kí wọ́n tó wá a. Ní JavaScript, ọ̀kan lára àwọn èdè kọ̀ǹpútà, ìlà kan péré ni: oruko.normalize("NFC"). Mímọ̀ pé ibẹ̀ ni ìṣòro wà ló lè gba odindi ọjọ́.

Owó náà ní tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ èdè kọ̀ǹpútà, 0.1 + 0.2 máa ń jẹ́ 0.30000000000000004. Nítorí èyí, kọ́bọ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò ìsanwó fi ń ka owó, kì í ṣe náírà: ₦500 ni Paystack, ilé iṣẹ́ ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì, ń gbà gẹ́gẹ́ bí 50000. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì já lẹ́yìn tí ènìyàn fi ₦5,000 ránṣẹ́, áàpù lè má mọ̀ bóyá owó ti lọ. Oníbàárà á tún bọ́tìnnì tẹ̀. Kí wọ́n má bàa yọ owó náà lẹ́ẹ̀mejì, pírógírámà máa ń fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹ̀rọ tó gbà á lè dá ìbéèrè tó ti rí tẹ́lẹ̀ mọ̀.

Àyẹ̀wò ẹlẹgbẹ́

Kí kóòdù tuntun tó wọ inú ètò, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kà á, pàápàá ní ilé iṣẹ́ tó létò. Orí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù sí, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008, tàbí irú rẹ̀ ni èyí ti ń wáyé. Àyípadà kékeré ló ń rí àyẹ̀wò gidi. Èyí tó bá gùn jù, ó jọ pé ọ̀pọ̀ kàn ń fọwọ́ sí i ni.

Láti ọdún 2022 tí GitHub Copilot, ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá tó ń dábàá kóòdù, ti wà fún gbogbo ènìyàn, ẹ̀rọ náà ti ń kọ lára kóòdù tí wọ́n ń yẹ̀ wò.

Ní Nàìjíríà

Andela, ilé iṣẹ́ tó ń so pírógírámà pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ òkèèrè, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2014, wà lára àwọn tó la ọ̀nà fún iṣẹ́ òkèèrè láti ilé. Iná ọba kò ṣeé gbọ́kàn lé, nítorí náà sólà, ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ara irinṣẹ́ iṣẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Ivory Coast, ó sì kan báńkì àti ilé iṣẹ́ púpọ̀ ní Nàìjíríà.

Ẹni tó ń bá ilé iṣẹ́ New York ṣiṣẹ́ láti Èkó á máa ṣe ìpàdé aago mẹ́wàá àárọ̀ wọn ní aago mẹ́ta ọ̀sán nígbà ooru wọn, àti ní aago mẹ́rin nígbà òtútù, torí Nàìjíríà kì í sún aago síwá sẹ́yìn.