Kí ló dé tí ojú ṣì ń dú lábẹ́ SPF 50?

“Dókítà, SPF 50 ni mo ń pa, kí ló dé tí ojú mi ṣì ń dú?” Ìbéèrè yìí kì í wọ́n ní ilé ìwòsàn awọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá, pàápàá lẹ́nu àwọn tó ń tajà nínú oòrùn ní Balógun. Sunscreen, ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn, ni wọ́n ń sọ; SPF ni nọ́ńbà ara rẹ̀ tó ń sọ bí ààbò náà ṣe tó.

Ibi tí 50 náà ti wá nìyí. Níbi àyẹ̀wò, mílígíráàmù 2 ni wọ́n ń pa sórí awọ ẹ̀yìn tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan, tó sì gùn ní sẹ̀ǹtímítà kan. Wọ́n á wá tan iná UV sí i, ìyẹn ìtànṣán oòrùn tí ojú lásán kò lè rí, wọ́n á sì wo ìwọ̀n tó máa mú un pọ́n. Àádọ́ta ni pé ó gba ìlọ́po àádọ́ta ìwọ̀n tó ń mú awọ tí wọn ò pa nǹkan kan sí pọ́n. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń fi pa ojú kì í ju ìdajì ìyẹn lọ. Ààbò 50 ò sí níbẹ̀ mọ́.

Kámẹ́rà tó ń rí UV máa ń tú àṣírí yìí. Ibi tí sunscreen wà á dúdú kirikiri nínú fọ́tò, torí ó ń gbé ìtànṣán náà mì. Ibi tí ọwọ́ fò á mọ́lẹ̀ yàtọ̀. Ìpéǹpéjú àti etí la sábà máa ń fò. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ìyàtọ̀ náà kì í hàn tó bẹ́ẹ̀, nítorí mẹ́lánìn, èròjà tó ń fún awọ wa ní àwọ̀, náà ń gbé UV mì.

Lésà ń wò jìn ju kámẹ́rà lọ. Ọgbọ́n Raman, ará Íńdíà tó ṣàwárí rẹ̀ lọ́dún 1928, ni wọ́n ń lò: díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó padà láti ara awọ á ti yí àwọ̀, bó ṣe yí ló ń sọ èròjà tó bá pàdé. Ohun tí wọ́n ń rí ni pé ìpara kì í dọ́gba: ó ń kó sínú ìlà awọ, ó sì ń fẹ́lẹ́ lórí ibi tó ga, bí ọ̀dà lára ògiri tí wọn ò rẹ́.

Ṣùgbọ́n UV nìkan kọ́ ló ń mú ojú dú. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán ń rí náà ń mú awọ dúdú ṣú sí i, pàápàá lára ẹni tó ní melasma, ìyẹn àbàwọ́n dúdú tó máa ń yọ sójú, nọ́ńbà SPF kò sì sọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Iron oxide, èròjà tó ń fún ìpara ní àwọ̀ búráùn, ló ń dí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí wọ́n ra èyí tó ní àwọ̀. Kì í tiẹ̀ í sọ ojú di funfun báláú.

Ẹ tẹ sunscreen náà sórí ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín láti ìdí dé orí, fún ojú àti ọrùn. Ẹ tún un pa lẹ́yìn wákàtí méjì, tàbí kíákíá bí ẹ bá ti fi áńkáṣífù nu òógùn nínú dánfó. Bí ìpara ìbóra bá wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ìyẹn ná.