Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé yẹn?

Ìyá aláṣọ kan wà tí a jọ máa ń wọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú lọ sí Èkó. Lọ́jọ́ kan ó rí ìwé Ṣẹ̀gilọlá lọ́wọ́ mi, ó mí kanlẹ̀. “Tíṣà, ojú obìnrin yẹn mà rí màbo o.” Mo ní, “Màmá, ọkùnrin ló kọ ọ́.” Ó wò mí bí ẹni tí mo já ẹran gbà lẹ́nu rẹ̀.

Kò jẹ̀bi. I.B. Thomas, tó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà inú ìwé náà jáde ní 1929, bíi pé obìnrin aláìsàn kan tó fi orúkọ Ṣẹ̀gilọlá bojú ló ń kọ wọ́n ránṣẹ́. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́, wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀. Ní 1930 ó di ìwé.

Ní ilé ìwé, “ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn yìí kọ́ wa?” ni wọ́n fi ń dá wa lágara. Èmi kì í kọ́kọ́ bèèrè ìyẹn. Ẹnu ta ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde? Ṣẹ̀gilọlá ní òun ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin. Ó ń fa Bíbélì yọ, ó ń kọ orin ìsìn. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan ayé tó jẹ, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Bí ẹ bá rò pé Thomas fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ẹ ó ní kò mọ ohun tó ń kọ. Bí ẹ bá rántí pé ẹ̀dá inú ìtàn ló ń rojọ́, ẹ ó rí i pé ìwà rẹ̀ gan-an nìyẹn: ó ti ronú pìwà dà, adùn ibẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ fi gbólóhùn kékeré kan dán an wò. “Ọkọ mi ò fẹ́ràn mi rí.” Ojú-mi-ló-ṣe nìyẹn, ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ló ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀; ẹjọ́ apá kan ni, a ò tíì gbọ́ tẹnu ọkọ. Ẹ wá sọ ọ́ di “Ọkọ rẹ̀ ò fẹ́ràn rẹ̀ rí.” Arínúróde, asọ̀tàn tó mọ tinú tòde gbogbo ẹ̀dá ìtàn, ló ń sọ̀rọ̀ báyìí, ẹjọ́ ti parí. Mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fi pẹ́ńsù yí odidi ojú ewé kan bẹ́ẹ̀. Ibi tí gbólóhùn bá ti di àsọdùn lójú wọn lẹ́yìn tí wọ́n yí i, ibẹ̀ ni kí wọ́n fàlà sí.

Ní 1938, ẹnu méjì ni Fágúnwà gbé léra nínú Ògbójú Ọdẹ: bàbá arúgbó ló wá bá òǹkọ̀wé nílé, tó ní kó máa kọ ohun tí òun, ọdẹ tó ń jẹ́ Àkàrà-Oògùn, bá ń sọ sílẹ̀. Nítorí náà, ìhàlẹ̀ ọdẹ, ti ọdẹ ni. (Ta ló tiẹ̀ ń bi ọdẹ ní ẹlẹ́rìí?)

Nígbà tí ọkọ̀ wa ń súnmọ́ Èkó, ìyá aláṣọ tún yíjú sí mi. “Ọkùnrin! Ta ló wá sọ gbogbo èyí fún un?” Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Kò tíì dá a padà.