Ìpolongo fún ìdásílẹ̀ àwọn ọmọ ogun tó wà nígbèkùn àti àwọn tó sọnù (Ìbàdàn)

Ìpolongo fún ìdásílẹ̀ ọmọ ogun ni akitiyan tí ẹbí, ọ̀rẹ́, ẹgbẹ́ tàbí ìjọba ń ṣe kí ṣọ́jà tí ọwọ́ ọ̀tá tẹ̀ lè padà wálé, tàbí kí wọ́n lè mọ ibi tí èyí tó sọnù wọlẹ̀ sí. Ọ̀ràn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó wà nígbèkùn, a mọ ẹni tó mú un, a sì lè ránṣẹ́ sí i. Ẹni tó sọnù, ta ni à bá bẹ̀? Yorùbá ní kí ọmọ ẹni kú sàn ju kí ó nù lọ. Òwe náà le létí, àmọ́ àwọn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí kì í bá a jiyàn. Ìlú Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ bí ibùdó ogun ní nǹkan bí ọdún 1829, ti rí ọ̀ràn méjèèjì.

Ìràpadà láyé ogun

Ní ọ̀rúndún 19, Ìbàdàn ló sábà máa ń kó ènìyàn lẹ́rú. Àwọn ará ìlú mìíràn ló ń wá bẹ̀bẹ̀. Jagunjagun tí wọ́n mú láàyè di ẹrú ẹni tó mú un, àfi bí àwọn ènìyàn rẹ̀ bá rà á padà. Owó ẹyọ ni wọ́n ń kà lé e lórí. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 owó ẹyọ, ẹrù tó sì wúwo lórí alárù ni. Ìdílé tí kò bá ní tó bẹ́ẹ̀ lè yá owó, kí wọ́n fi ọmọ tàbí àbúrò ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó: ẹnì kan wọ oko olóko kí ẹnì kejì lè bọ́ nínú ìdè. Ìpolongo ìgbà náà kò ju báyìí lọ, alárinà, ẹ̀bẹ̀ àti owó.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n mú ló parun síbẹ̀. Ògèdèǹgbé ọmọ Iléṣà ti wà lọ́wọ́ àwọn Ìbàdàn rí kó tó di olórí ogun Èkìtì Parapọ̀, tó sì kojú Ìbàdàn nínú ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní ibùdó.

Ọ̀ràn Edward Roper yàtọ̀ díẹ̀, nítorí kì í ṣe jagunjagun. Mísọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́n ìjọ Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ní Ìjàyè, ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́ nígbà tí Ìbàdàn fọ́ ìlú náà ní 1862. Wọ́n mú un wá sí Ìbàdàn, wọ́n sì bu owó ìràpadà gọbọi lé e. David àti Anna Hinderer, tọkọtaya mísọ́nnárì tó wà ní Kúdẹtì, ni wọ́n bá a bẹ àwọn ìjòyè.

Ogun Bọ́mà

Orúkọ ibì kan tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti jà ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni Bárékè Letmauk ní Mọ́kọ́lá ń jẹ́. Lára àwọn ọmọ Yorùbá tó lọ síbẹ̀ ni Isaac Fadoyebo, ará Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ìbọn bà á ní etí odò Kaladan ní oṣù Ẹrẹ́nà 1944, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kú tàbí wọ́n tú ká. Ìdílé Mùsùlùmí kan ní abúlé ibẹ̀ fi òun àti ọmọ Sàró kan pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án kí àwọn ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó rí wọn.

Ọdún 1966

Ní 29 oṣù Agẹmọ 1966, àwọn ṣọ́jà tó dìtẹ̀ mú olórí ìjọba, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, àti ẹni tó gbà á lálejò, Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-oòrùn, ní ilé ìjọba ní Ìbàdàn. Wọ́n gbé wọn gba ọ̀nà Ìwó lọ sí ẹ̀bá Làlúpọn, wọ́n sì pa wọ́n. Ìjọba kò kéde ikú wọn fún nǹkan bí oṣù márùn-ún àti ààbọ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, Ojukwu, gómìnà ológun Ìlà-oòrùn, ń béèrè ibi tí Ironsi wà, ó sì tẹnu mọ́ ọn nígbà tí wọ́n pàdé ní Aburi, ní Gánà, ní 4 àti 5 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1967. Oṣù yẹn gan-an ni ìkéde jáde, tí wọ́n sì tún àwọn méjèèjì sin sí ìlú wọn. Orúkọ Fájuyì ni bárékè Òdógbó, níbi tí olú-iléeṣẹ́ Ẹ̀ka Kejì ọmọ ogun Nàìjíríà wà, ń jẹ́ lónìí.

Òfin àti ìpolongo òde òní

Àdéhùn Kẹta ti Geneva, 1949, ní kí wọ́n dá ẹlẹ́wọ̀n ogun sílẹ̀ láìfi falẹ̀ bí ìjà bá ti parí. Orílẹ̀-èdè tó bá orílẹ̀-èdè jà ni òfin yìí wà fún ní kíkún. Nínú ìjà abẹ́lé, ààbò tó kù kéré sí i. Bí ẹbí ṣe ń pariwo náà ti yí padà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìyàwó àti òbí àwọn tó wà nígbèkùn ní Vietnam dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1970, àwọn ará ìlú sì ń wọ ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n kọ orúkọ ṣọ́jà sí. Ní Ísírẹ́lì, àwọn òbí Gilad Shalit, ṣọ́jà tí ẹgbẹ́ Hamas ti Palẹ́sítínì mú ní 2006, pàgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé olórí ìjọba ní Jerúsálẹ́mù. Ní 2011, ẹlẹ́wọ̀n 1,027 ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, Àjọ Alágbèélébùú Pupa Àgbáyé sọ ní 2019 pé àwọn tí ẹbí ń wá nítorí ogun àríwá ìlà-oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 22,000. Ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe ṣọ́jà. Ní ti òfin, bí ọdún méje bá kọjá tí àwọn tó yẹ kó gbúròó ẹnì kan kò gbúròó rẹ̀, Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gbà kí wọ́n kà á sí òkú, títí ẹ̀rí mìíràn yóò fi yọjú.