Gábàsì la kọjú sí, kì í ṣe òkúta la ń bọ

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o, ṣùgbọ́n mo tún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ torí pé kò yéé wáyé. Tí oṣù Hájì bá ti ń sún mọ́lé báyìí, tí fídíò àwọn èrò tó wọ aṣọ funfun tí wọ́n ń yí Káábà, ilé onígun mẹ́rin tó wà ní Mẹ́kà, po bá ti ń kiri lórí WhatsApp, dandan ni kẹ́nì kan sọ pé, "Ẹ ò rí i, òkúta làwọn Mùsùlùmí ń bọ ní Mẹ́kà, kí wá ló dé tí wọ́n ń bá àwọn oníṣẹ̀ṣe jà?" Nílé tiwa, bí ilé Yorùbá púpọ̀ ṣe rí, Mùsùlùmí wà, Kìrìsìtẹ́nì wà, a jọ ń jẹ ẹran Iléyá, a jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì. Ọjọ́ Iléyá tó kọjá ni bàbá wa kékeré, àbúrò bàbá mi, sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Wọn ò fi bínú, wọn ò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó dá wọn lójú bó ṣe dá wọn lójú pé ilẹ̀ á mọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Èèyàn tó bá bú ẹ, o lè má dá a lóhùn, ṣùgbọ́n èèyàn tó fẹ́ràn ẹ, tó sì gbà pé òkúta lò ń forí balẹ̀ fún látọjọ́ tó ti mọ̀ ẹ́, èyí ò ṣeé dákẹ́ lé.

Mi ò ní pẹ́ lórí ohun tí gbogbo wa mọ̀. Ọlọ́run kan ṣoṣo ni ẹ̀sìn yìí dúró lé, kò bímọ, wọn ò bí i, kò ní akẹgbẹ́, kò sí ère ẹ̀ kankan níbì kankan. Ṣàhádà tí a fi ń wọ ẹ̀sìn, gbólóhùn àkọ́kọ́ inú ẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Allah, ìkejì ni pé Ànọ́bì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìrun márùn-ún lójúmọ́, Sùbúhì, Àyílà, Àlàásárì, Mògàríbì àti Ìṣáì, sàká, ìyẹn náírà méjì àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún náírà lórí owó tó bá tó ìwọ̀n tó sì lo ọdún kan lọ́wọ́ ẹni, ààwẹ̀ Ràmàdáánì, àti Hájì lẹ́ẹ̀kan láyé fún ẹni tágbára ẹ̀ bá ká a. Ìgbàgbọ́ nínú àwọn mọ̀láíkà, àwọn tírà, àwọn ànọ́bì, ọjọ́ ìkẹyìn àti kádàrá náà wà níbẹ̀. Ọmọ kékeré ní ilé kéú á kà á fún yín láìwòwé. Ẹ̀sìn tó jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ tó burú jù nínú ẹ̀ ni kéèyàn fi nǹkan mìíràn kún Ọlọ́run, èyí tí a ń pè ní ṣíríkì, òun náà ni wọ́n ní ó ń bọ òkúta.

Bàbá wa kékeré ní, "Tẹ́ ò bá bọ ọ́, kí lẹ ń kọjú sí i fún?" Ìbéèrè gidi ni, ibẹ̀ sì ni mo rò pé ìmọ̀ kan ti sọnù, ìmọ̀ nípa kíblà. Kíblà ni ibi tí Mùsùlùmí ń kọjú sí tó bá ń kírun. Nílẹ̀ Yorùbá, gábàsì la ń pè é, ọ̀rọ̀ tó wá látinú èdè Haúsá, ìlà-oòrùn ló sì túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, torí wọ́n rò pé ibi tí oòrùn ti ń yọ là ń wò, mo tiẹ̀ ti gbọ́ ọ rí pé oòrùn là ń sìn. Rárá o. Tẹ́ ẹ bá dúró ní Èkó tẹ́ ẹ gbé kọ́ńpáàsì lọ́wọ́, nǹkan bíi dígíríì 63 láti àríwá ni Mẹ́kà wà, ìyẹn láàárín àríwá àti ìlà-oòrùn. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London, ìlà-oòrùn tó fì sí gúúsù ni tiwọn. Ẹni tó wà ní Istanbul, gúúsù tó fì sí ìlà-oòrùn ni tiẹ̀. Ẹni tó wà ní Cape Town, àríwá ni, ó kàn fì díẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Ní Mọ̀dínà níbi tí wọ́n sin Ànọ́bì sí, gúúsù ni. Tó bá ṣeé ṣe kẹ́ ẹ wà lókè sánmà lákòókò ìrun, òbìrìkìtì lẹ máa rí, ó tóbi ká ayé, gbogbo ojú wà sí àárín. Iṣẹ́ kíblà nìyẹn, ó ń to èèyàn sórí ìlà kan. Tí kò bá sí i, nínú mọ́sáláṣí kan ṣoṣo, ẹnì kan á kọjú sí ojúlé, ẹnì kejì á kọjú sí fèrèsé, Lèmọ́mù ò ní mọ ẹni tó ń tẹ̀lé òun.

Ìtàn náà wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé, ká sọ òótọ́, òun nìkan ti tó. Ọdún 622 ni Ànọ́bì kúrò ní Mẹ́kà lọ Mọ̀dínà. Fún oṣù 16 tàbí 17 lẹ́yìn tó débẹ̀, Jerúsálẹ́mù ni òun àtàwọn èèyàn ẹ̀ ń kọjú sí kírun, ẹ̀yìn ni wọ́n sì kọ sí Káábà, torí àríwá ni Jerúsálẹ́mù wà sí Mọ̀dínà, Mẹ́kà wà ní gúúsù. Ìgbà tó di 624 ni àṣẹ dé pé kí wọ́n yí padà. Mọ́sáláṣí kan wà ní Mọ̀dínà títí dòní tí wọ́n ń pè ní mọ́sáláṣí oníkíblà méjì nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Kí ẹni tó ní òkúta là ń bọ wá sọ fún mi, lọ́jọ́ tí wọ́n yí padà yẹn, ṣé ọlọ́run ni wọ́n pààrọ̀? Súúrà kejì, ìyẹn orí kejì, nínú Àlùkùránì ti dáhùn ẹ̀, ó ní ti Allah ni ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, ibikíbi tẹ́ ẹ bá yíjú sí, Allah wà níbẹ̀. Ẹsẹ 177 súúrà yẹn kan náà tún ní ìwà rere kì í ṣe kéèyàn kọjú síhìn-ín tàbí kó kọjú sọ́hùn-ún, ó ní ìwà rere ni kéèyàn gba Allah gbọ́, kó sì fi owó tó fẹ́ràn fún ẹbí, ọmọ òrukàn, aláìní àti arìnrìn-àjò. Ìdí nìyẹn tí ìrun aláìsàn tí ò lè yí ara ẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì fi dára, tí ti ẹni tó wà lójú ọ̀nà tó wá kíblà títí tó sì ṣì í náà dára. Ẹni tó bá sì ráyè wọnú Káábà fúnra ẹ̀, ibi tó bá wù ú ló lè kọjú sí kírun níbẹ̀.

Ilé ni Káábà. Wọ́n fi òkúta mọ ọ́n, gíga ẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 13, kò sí ère nínú ẹ̀. Iná jó o ní 683 nígbà ogun, wọ́n tún un kọ́. Àgbàrá òjò wó o, wọ́n tún un kọ́ ní 1630. Nígbà tí Ànọ́bì padà wọ Mẹ́kà ní 630, hádíìsì, ìyẹn ìròyìn ohun tí Ànọ́bì sọ tàbí tó ṣe, sọ pé 360 òrìṣà ló yí ilé yẹn ká, ó wó gbogbo ẹ̀ lulẹ̀, ìtàn sì fi yé wa pé ó ní kí Bílálì, ẹni tó ti ṣe ẹrú rí nílùú yẹn, gun orí Káábà lọ pe ìrun. Ta ló ń gun orí òrìṣà ẹ̀? Títí dòní, àwọn òṣìṣẹ́ ń gun òrùlé yẹn láti gbá a, láti pààrọ̀ aṣọ dúdú tí wọ́n dà bò ó.

"Òkúta dúdú yẹn ńkọ́?" Èyí ni wọ́n ń dì mú jù, torí náà ẹ jẹ́ n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Igun ilé yẹn níhà ìlà-oòrùn ni òkúta náà wà, Hajarul-Aswad, ó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, fàdákà ni wọ́n fi ká a mọ́ ara wọn. Ibẹ̀ ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ tó bá fẹ́ yí Káábà po lẹ́ẹ̀meje, ibẹ̀ náà ló ń parí sí. Ẹni tó bá ráyè á fẹnu kò ó, ẹni tí kò bá ráyè á nawọ́ sí i látòkèèrè kó sì máa lọ. Ìfẹnukò yẹn, súnná ni, ìyẹn àṣà Ànọ́bì tí kì í ṣe dandan, Hájì ẹni tí ò ṣe é pé láìkù síbì kan. Lọ́dún 2020 tí kòrónà dé, wọ́n dènà kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òkúta náà, àwọn díẹ̀ tí wọ́n jẹ́ kó ṣe Hájì lọ́dún yẹn ṣe é láìfọwọ́ kàn án, kò sí áfáà kan tó ní Hájì wọn bàjẹ́.

Ẹ tún wá gbọ́ ohun tí Umar, kàlífà kejì, sọ nígbà tó dé iwájú òkúta yìí, ó wà nínú hádíìsì tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ gidi. Ó ní òun mọ̀ pé òkúta ni ẹ́, o ò lè ṣeni níbi, o ò lè ṣeni lóore, ká ní òun ò rí Ànọ́bì kó fẹnu kò ẹ́ ni, òun ò ní fẹnu kò ẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Ọ̀rẹ́ Ànọ́bì, olórí gbogbo Mùsùlùmí nígbà yẹn, ló dúró síwájú òkúta níṣojú àwọn èèyàn tó ń sọ fún un pé kò wúlò fún nǹkan kan. Mi ò tíì rí abọ̀rìṣà tó ń bá òrìṣà ẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí kó tó bọ ọ́.

Èyí tó kù ni wọn kì í mọ̀ rárá, òun ni mo sì sọ fún bàbá wa kékeré tí wọ́n fi dákẹ́. Wọ́n ti jí òkúta yẹn gbé rí. Ọdún 930 ni ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Karámítà, olórí wọn ń jẹ́ Abu Tahir, ya wọ Mẹ́kà lásìkò Hájì, wọ́n pa àwọn aláìṣẹ̀ nínú mọ́sáláṣí, wọ́n yọ òkúta náà lára ògiri, wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ tiwọn níhà ìlà-oòrùn Arébíà. Ó lé ní 20 ọdún kí wọ́n tó dá a padà. Láàárín gbogbo ọdún yẹn, ìrun ò dúró ní Baghdad, kò dúró ní Fustat nílẹ̀ Íjíbítì, kò dúró ní Cordoba, ibi tí wọ́n ń kọjú sí tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ń kọjú sí, kò sẹ́ni tó sọ pé ká yíjú síbi tí òkúta wà báyìí. Àwọn tó lọ Hájì yí ilé po, ihò tó ṣófo ni wọ́n bá lára igun yẹn. Tó bá jẹ́ òkúta ni wọ́n ń bọ ni, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ ni ẹ̀sìn ì bá ti parí, tàbí kí gbogbo ayé dojú kọ ilé àwọn olè.

Wọ́n tún máa ń ní àgbò Iléyá ńkọ́, ṣé kì í ṣe ẹbọ sí Mẹ́kà ni? Àwa kọ́ la jọ jẹ ẹran yẹn ni? Súúrà 22 sọ ọ́ ní ẹsẹ 37 pé ẹran wọn àti ẹ̀jẹ̀ wọn ò lè dé ọ̀dọ̀ Allah, ìbẹ̀rù Ọlọ́run tó wà lọ́kàn yín ló ń dé ọ̀dọ̀ Rẹ̀. Lédè tiwa, ẹni tó ń bọ nǹkan á bọ́ ọ, á fún un lóbì, á fún un lépo, á bá a sọ̀rọ̀, á tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ta epo sí Káábà, kò sí àdúà kan nínú ìrun márààrún tó dárúkọ òkúta.

Síbẹ̀, mi ò ní sọ pé gbogbo ohun táwọn èèyàn ń sọ ló dá lórí irọ́. Òótọ́ ni pé òkúta yẹn ti wà níbẹ̀ kí Ìsìláàmù tó dé, òótọ́ ni pé àwọn ará Mẹ́kà àtijọ́ bọ òrìṣà yí ilé yẹn ká. Àwọn oníṣẹ̀ṣe náà sì lè sọ fún mi pé àwọn ò bọ òkúta, pé àmì lásán ni, mi ò sì ní bá wọn jiyàn lórí ohun tó wà lọ́kàn wọn. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹ̀sìn wa ò pàṣẹ kí ẹnikẹ́ni bẹ òkúta, ó sì kà á léèwọ̀. Bóyá gbogbo Mùsùlùmí tó ń lọ síbẹ̀ ló fi èyí sọ́kàn, ìyẹn lọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn tó ń ti arúgbó ṣubú kí wọ́n lè fẹnu kan òkúta, tí wọ́n rò pé gbèsè á lọ, pé ọmọ á dé, àwọn wọ̀nyẹn ló ń fún ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ rìn, ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn tẹ èèyàn mọ́lẹ̀ nítorí súnná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí tó ń lọ Hájì, ẹ bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n tó lọ. Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta ègé aṣọ dúdú tí wọ́n ní ara aṣọ Káábà ni, àtàwọn tó ń gbowó pé àwọn á bá yín fi orúkọ yín kan òkúta. Ìyá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ta irú aṣọ yẹn fún, wọ́n ní kí wọ́n máa fi sábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ̀jẹ̀ ríru á lọ. Ìyá gbà wọ́n gbọ́, wọ́n dá oògùn dúró. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọmọ wọn gbé wọn dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù, aṣọ yẹn ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tí wọ́n padà délé.