Kọ́kọ́rọ́ wọlé, ìdérí ò ṣí: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí sílíńdà tírélà alùpùpù

Tírélà tí mò ń sọ níbí kì í ṣe ọkọ̀ ńlá. Àpótí ẹrù kékeré onítáyà méjì ni, èyí tí alùpùpù ń fà lẹ́yìn, tó ní ìdérí lókè àti ojú kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo. Irin róbótó tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ ni mo máa pè ní sílíńdà. Pèlébé irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó ń há mọ́ ara àpótí, ni mo máa pè ní ahọ́n.

Kọ́kọ́rọ́ mi máa ń le kí ó tó yí. Nígbà mìíràn ó yí tán, ìdérí á ṣì kọ̀. Ṣé kí n lọ ra sílíńdà tuntun?

Ẹ fi owó yín pamọ́ ná. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà lè má gbabẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìdérí bá gbà láti ṣí, ẹ fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí ẹ wá ti kọ́kọ́rọ́ bọ ojú rẹ̀, kí ẹ yí i lọ yí i bọ̀ nígbà mẹ́wàá. Tó bá ń yí wẹ́rẹ́ báyìí, tó wá ń le nígbà tí ẹ bá pa ìdérí dé, kò sí nǹkan tó ṣe sílíńdà. Ahọ́n ló ń fún mọ́ ibi tó ń há sí. Rọ́bà tó yí etí àpótí ká máa ń ti ìdérí sókè, pàápàá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ tuntun, ahọ́n á sì máa wọ́ lára irin kí ó tó lè kúrò níbẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan tẹ ìdérí mọ́lẹ̀, kí ẹ fi ìkejì yí kọ́kọ́rọ́. Bó bá yí láìjà, ẹ ti rí ibi tí àìsàn wà. Ahọ́n lẹ máa tẹ̀ díẹ̀, tàbí kí ẹ sún irin tó ń há sí. Sílíńdà tuntun ò lè wo irú èyí sàn.

Tí kọ́kọ́rọ́ bá ń yí fàà bí ẹni pé kò kan nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kí nọ́ọ̀tì tó di ahọ́n mú lẹ́yìn ti tú. Táyà tírélà kéré, àpótí rẹ̀ fúyẹ́, gbogbo kòtò ojú títì ló ń gbé e fò. Nọ́ọ̀tì tí kò ní wáṣà eléyín, òrùka irin pẹlẹbẹ tó ní eyín tó ń di nọ́ọ̀tì mú, kì í pẹ́ tú nínú irú gbígbọ̀n bẹ́ẹ̀.

Àfi tí kọ́kọ́rọ́ bá ń há nígbà tí ìdérí wà ní ṣíṣí ni ẹ̀sùn tó kan sílíńdà. Nígbà náà pàápàá, ẹ kọ́kọ́ dán kọ́kọ́rọ́ kejì wò, èyí tí ẹ kì í sábà lò.

Mo gé kọ́kọ́rọ́ tuntun láti ara ti àtijọ́, tuntun yẹn gan-an ni kò yí. Kí ló fà á?

Nínú sílíńdà irú àpótí bẹ́ẹ̀, àwọn pèlébé idẹ tín-ín-rín ló sábà máa ń tò síbẹ̀, tí sípíríǹgì ń tì wọ́n. Tí kọ́kọ́rọ́ kò bá sí nínú rẹ̀, etí wọn á yọ síta, á há sínú kòtò ara ilé sílíńdà, kò sì ní sí bí yóò ṣe yí. Eyín kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé ìwọ̀n tirẹ̀, títí etí gbogbo wọn yóò fi bá ara sílíńdà dọ́gba. Bí ẹyọ kan bá fi díẹ̀ ga jù tàbí kéré jù, gbogbo rẹ̀ dúró.

Ẹ wá gbé kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ti lò láti ọdún yìí wá síwájú iná. Ẹ óò rí i pé góńgó eyín rẹ̀ ti kúnu, ó ń dán. Òun àti sílíńdà ti jọ jẹ pọ̀, wọ́n ti mọwọ́ ara wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé kọ́kọ́rọ́ kò mọ ìyẹn. Ohun tó ti jẹ ló dà kọ, ó sì fi àṣìṣe kékeré tirẹ̀ lé e. Lọ́pọ̀ ìgbà nọ́ńbà kan wà lójú sílíńdà tàbí lára kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí eyín kọ̀ọ̀kan ṣe yẹ kó jìn tó, agékọ́kọ́rọ́ tó mọṣẹ́ sì lè fi gé òmíràn láìwo ti àtijọ́ rárá. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí, kí ẹ sì fi í pamọ́: ẹni tó bá rí nọ́ńbà náà lè gé kọ́kọ́rọ́ yín.

Ó ti há pátápátá, ẹrù sì wà nínú rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fi agbára yí i. Kọ́kọ́rọ́ tó bá kán sínú rẹ̀ á sọ ìṣòro kan di méjì. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ojú rẹ̀ kí iyanrìn jáde, ẹ tẹ ìdérí mọ́lẹ̀, kí ẹ máa mi kọ́kọ́rọ́ wọlé-jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń gbìyànjú àtiyí i. Tó bá kọ̀, ẹ wo íńjì tó gbé ìdérí dúró. Lára àwọn tírélà kan, ẹ lè yọ irin àárín rẹ̀, kí ẹ gba ẹ̀yìn ṣí i. Fífi dírìlì lu sílíńdà ló kẹ́yìn. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ara àpótí yíká, ẹ wọ awò ààbò, ẹ fi dírìlì tẹ́ẹ́rẹ́, bíi mìlímítà 3, bẹ̀rẹ̀ láti ojú ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀, kí ẹ wá máa pààrọ̀ sí èyí tó tóbi jù ú lọ.

Irú èwo ni kí n rà?

Ẹ kọ́kọ́ wo irú èyí tí tírélà yín ní. Àwọn kan ní ọwọ́ ìdìmú tí sílíńdà wà nínú rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ irú wọn, sílíńdà nìkan ṣeé yọ: ẹ ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ẹ yí i dé ibi tí ihò kékeré kan ti hàn, ẹ fi wáyà tẹ ohun tó wà nínú ihò náà, kí ẹ fa sílíńdà jáde. Àwọn yòókù jẹ́ odidi kan: sílíńdà, nọ́ọ̀tì ńlá, ahọ́n. Odidi rẹ̀ la máa ń pààrọ̀.

Ti odidi yìí ló ń da àwọn ènìyàn láàmú jù lọ́jà, nítorí gbogbo wọn jọra lójú. Ẹ yọ ti àtijọ́, kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ihò tó ń gbà wọ ara àpótí kì í ṣe róbótó tán. Ẹ̀gbẹ́ méjì rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kí sílíńdà má bàa bá kọ́kọ́rọ́ yí. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ mìlímítà 19 níbi tó fẹ̀, àti 16 níbi tó tẹ́. Ẹ wọn gígùn ara rẹ̀ tó ń gba inú àpótí kọjá. Ẹ wo bóyá ìdámẹ́rin àyíká ló ń yí ni àbí ìdajì, àti apá wo ló ń yí sí. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ahọ́n láti àárín ihò rẹ̀ dé ṣóńṣó, kí ẹ wò ó bóyá ó tọ́ tàbí ó tẹ̀. Ẹ má ju ahọ́n àtijọ́ nù. Tí ihò rẹ̀ bá bá ìdí sílíńdà tuntun mu, òun náà ni kí ẹ dè padà, nítorí ó ti mọ ibi tó ń há sí.

Báwo ni mo ṣe máa de tuntun náà?

Ṣíṣí ni kí ìdérí wà títí ẹ óò fi de gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ tẹ rọ́bà kékeré sí abẹ́ orí sílíńdà kí omi má bàa gbabẹ̀ wọlé, ẹ tì í bọ ihò, kí ẹ de nọ́ọ̀tì láti inú. Tó bá jẹ́ fáíbà ni ara àpótí, ẹ rọra: nọ́ọ̀tì tí ẹ bá de ju bó ṣe yẹ lọ á mú kó sán láti etí ihò. Lẹ́yìn èyí ni ahọ́n, wáṣà eléyín, àti nọ́ọ̀tì tirẹ̀.

Ẹ má tíì pa á dé. Ẹ kọ́kọ́ tú íńjì ìdérí sílẹ̀. Ẹ fi ẹfun pa orí ahọ́n, ẹ yí i sí ipò ṣíṣí, ẹ sọ ìdérí kalẹ̀, kí ẹnì kan di íńjì tó ti tú sílẹ̀ mú lẹ́yìn, kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì yí i padà. Tí ẹ bá gbé ìdérí sókè, ẹfun á ti sọ ibi tí ahọ́n ti ń ha irin. Mo tú íńjì sílẹ̀ nítorí mo ti rí ìdérí tí wọ́n pa dé pẹ̀lú ahọ́n tó gùn jù: kọ́kọ́rọ́ tuntun, sílíńdà tuntun, ó sì di dírìlì lọ́jọ́ náà gan-an.

Ṣé kọ́kọ́rọ́ kan lè ṣí tírélà àti àpótí ẹ̀yìn alùpùpù?

Bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ bá ra sílíńdà méjì tí nọ́ńbà wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ṣé kí n máa da ọ́ìlì sí i?

Rárá o. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn alùpùpù ń fọ́n omi àti eruku sára tírélà ní gbogbo ìgbà, ọ́ìlì á sì sọ eruku yẹn di ẹrẹ̀ láàárín àwọn pèlébé idẹ. Lúbúlúbú gíráfáìtì, ohun dúdú inú pẹ́ńsù, ló dára fún un. Tí kò bá sí, ẹ fi pẹ́ńsù pa eyín kọ́kọ́rọ́ dáadáa, kí ẹ máa tì í bọ̀ ọ́, kí ẹ máa yọ ọ́. Gíríìsì wà fún ahọ́n nìkan. Lẹ́yìn ìrìn àjò àkọ́kọ́, ẹ tún fi sípánà kan nọ́ọ̀tì méjèèjì.