Kí ṣóńṣó apá ló kẹ́yìn nínú jíjá

Ìgbà tí bàálù kékeré bá ń rọra bọ̀ wá balẹ̀ ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tó di rìmóòtù mú rí i pé ó ti ń rẹlẹ̀ jù, ó fa imú rẹ̀ sókè, apá kan ṣàdédé tẹ̀, ó di gbì! Stall nìyẹn, ìyẹn ni pé apá já. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló kú. Apá ló dojú sókè jù sí afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀, tí afẹ́fẹ́ tó ń ṣàn lórí rẹ̀ kò fi lè lẹ̀ mọ́ ọn mọ́.

Kò sí apá tí stall kò lè bá. Ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kan án. Bó bá bẹ̀rẹ̀ nídìí apá, lẹ́bàá ara bàálù, imú á kàn tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, eré á sì padà. Bó bá jẹ́ ṣóńṣó apá kan ló kọ́kọ́ já, bàálù á yí dànù sí ẹ̀gbẹ́ yẹn kí ọwọ́ tó ká a.

Apá tí fífẹ̀ rẹ̀, láti etí iwájú dé etí ẹ̀yìn, dọ́gba láti ìdí dé ṣóńṣó máa ń já nídìí fúnra rẹ̀, ìdí nìyí tí bàálù akẹ́kọ̀ọ́ fi sábà rí bíi pátákó. Kò lẹ́wà, àmọ́ ó ń dárí jini. Apá tó ń tín-ín-rín lọ ló ń fa wàhálà. A lè sọ bàálù di kékeré, a ò lè sọ afẹ́fẹ́ di kékeré: bí apá ṣe ń tín-ín-rín tó ni afẹ́fẹ́ ń tètè já lára rẹ̀. Nọ́ńbà Reynolds ni wọ́n fi ń wọn èyí: bó bá ṣe kéré tó ni afẹ́fẹ́ ń tètè já. Apá tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, tó ń lọ ní mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ní nǹkan bí 100,000. Bí ṣóńṣó rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, ibẹ̀ kò ní ju 35,000 lọ. Ti bàálù gidi ń wọ mílíọ̀nù.

Àtúnṣe tí wọ́n mọ̀ jù ni washout: kí a lọ́ apá náà díẹ̀, kí ṣóńṣó dojú wálẹ̀ ju ìdí lọ ní dígírì 2 tàbí 3, kí ìdí lè já ṣáájú rẹ̀. Spitfire gidi, bàálù ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bíi dígírì méjì àbọ̀, àmọ́ ẹni tó ń fojú wo àwòrán rẹ̀ láti òkè kò ní rí i, á kan tirẹ̀ ní pẹrẹsẹ, á sì máa di ẹ̀bi ru ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí gúlúù kò tíì gbẹ, a ó fi igi pẹlẹbẹ gbé etí ẹ̀yìn ṣóńṣó sókè lórí tábìlì. Fún ṣóńṣó tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12, mìlímítà 4 tó dígírì 2. Bàálù tó ń dojú délẹ̀ fò kì í lò ó, torí ìlọ́ náà á di òdìkejì.

Etí iwájú ṣóńṣó kò gbọdọ̀ mú bí ọ̀bẹ. Sáńpépà la fi ń sọ ọ́ di róbótó. Aileron, ìyẹn abala etí ẹ̀yìn apá tó ń lọ sókè sódò láti fi yí bàálù sí ẹ̀gbẹ́, náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Èyí tó bá lọ sílẹ̀ ń fi kún bí apá tó ti fẹ́ já ṣe dojú sókè sí afẹ́fẹ́, nítorí náà wọ́n máa ń tò ó kí èyí tó ń gòkè rìn ju èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Òkè réré la ti ń dán an wò: a ó dín ẹ́ńjìnnì kù, a ó máa fa imú sókè díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ apá kan náà ló ń tẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ìlọ́ apá méjèèjì ni kí a kọ́kọ́ wọ̀n.