Ìdíyelé ìgbé-ayé aláìsàn jẹjẹrẹ: ti aláìsàn àti ti ará ìlú

Ìdíyelé ìgbé-ayé ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi nọ́ńbà kan sọ bí àìsàn ṣe ni ènìyàn lára tó. 1 ni ìlera pípé, 0 ni ikú. Wọ́n máa ń ṣe ìsọdipúpọ̀ nọ́ńbà yìí pẹ̀lú iye ọdún tí ìtọ́jú fi kún ẹ̀mí: ọdún 2 nínú ipò tó jẹ́ 0.6 já sí ọdún 1.2 ti ìlera pípé. Àríyànjiyàn tó wà níbẹ̀ ni ti ẹni tó yẹ kó sọ iye náà, bóyá ẹni tí jẹjẹrẹ ń ṣe ni tàbí ará ìlú tí kò ṣe rí.

Ìwé ìbéèrè tó gbajúmọ̀ jù ni EQ-5D ti EuroQol Group, ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987. Nǹkan 5 ló ń béèrè: rírìn, wíwẹ̀ àti wíwọṣọ, iṣẹ́ òòjọ́, ìrora, àti àníyàn tàbí ìbànújẹ́. Ẹ̀dà 5L ní ìdáhùn 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ipò 3,125 lápapọ̀. Síbẹ̀, kò kó ohun gbogbo já. Bí apá aláró kan l'Óṣogbo bá wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú, tí kò lè gbé ìkòkò aró mọ́, abẹ́ “iṣẹ́ òòjọ́” àti “ìrora” nìkan ni yóò ti hàn. QLQ-BR23, ìwé ìbéèrè ti EORTC (àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ ní Yúróòpù), tó wà fún jẹjẹrẹ ọmú, ló ń béèrè nípa apá wíwú gan-an.

Láti rí iye ipò kan, wọ́n á ní kí ẹni náà yàn: ọdún 10 nínú àìsàn yìí, tàbí ọdún tó kéré sí i nínú ìlera pípé. Wọ́n á máa yí ọdún ìlera náà padà títí méjèèjì yóò fi dọ́gba lójú rẹ̀. Bó bá dọ́gba ní ọdún 6, iye ipò náà jẹ́ 0.6. Iye lè wà lábẹ́ 0 pẹ̀lú, nítorí àwọn kan gbà pé ikú sàn ju ipò mìíràn lọ. Ẹni tó mọ̀ pé “ikú yá ju ẹ̀sín lọ” kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń dàrú nìyí. Ẹlòmíràn á ní “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́”, kò sì ní fẹ́ fojú inú wo àìsàn rárá. Ẹlòmíràn á ní Ọlọ́run ló ń pín ọjọ́ orí, kò ní fi ọjọ́ kan sílẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ á wá sọ ipò burúkú di 1. Ó yẹ kí abéèrè kọ ìdí náà sílẹ̀, kó má kàn kà á mọ́ àwọn tó rò pé ipò náà dára. Àpẹẹrẹ ìdánrawò, bí i ìgbé-ayé nínú kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn, máa ń ṣèrànwọ́ kí ìbéèrè gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ aláìsàn, “a dúpẹ́” kì í ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè ìrora; ìkíni ni. Bí ọmọ tàbí ọkọ bá sì jókòó tì í, àwọn ni yóò máa dáhùn.

Lápapọ̀, iye tí aláìsàn ń sọ fún ipò kan náà sábà máa ń ga ju ti ará ìlú lọ. Ohun tí aláìsàn pàdánù ni ará ìlú ń wò. Aláìsàn ti kọ́ bí a ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, pàápàá bó bá jẹ́ ìbànújẹ́ ọkàn. Ó sì yẹ kí a rántí pé àwọn tí àìsàn wọn le jù kì í sábà lágbára láti dáhùn.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ojúrere fún aláìsàn nìkan. Ká ní mọ́fíìnì, oògùn ìrora líle, gbé ìgbé-ayé láti 0.5 dé 0.8 lójú ará ìlú, èrè rẹ̀ jẹ́ 0.3. Bí aláìsàn bá ka méjèèjì sí 0.7 àti 0.85, èrè náà di 0.15. Oògùn tó ń fi ọdún kún ẹ̀mí ni iye aláìsàn ń gbè. Tó bá di ti oògùn tó ń dín ìrora kù, ó ń pa á lára.

NICE, àjọ tó ń sọ ìtọ́jú tó yẹ kí ìjọba sanwó fún ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fara mọ́ iye ará ìlú, nítorí owó gbogbo ìlú ni wọ́n ń ná. Ní Nàìjíríà, àpò aláìsàn ni ọ̀pọ̀ owó ti ń jáde, owó ọkọ̀ láti Òṣogbo lọ gba ìtọ́jú onítànṣán ní UCH Ìbàdàn kò sì sí nínú nọ́ńbà náà rárá. Ẹni tó bá yá iye orílẹ̀-èdè mìíràn lò gbọ́dọ̀ sọ èyí tó yá. Ti Zimbabwe wà fún ẹ̀dà 3L, tó ní ìdáhùn 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti Ethiopia wà fún 5L. Ìdáhùn 5L kò ṣeé fi iye 3L kà láìkọ́kọ́ yí i padà.